Ìdènà Àkóràn Ojú Ọgbẹ́ Iṣẹ́ Abẹ: Oògùn Apakòkòrò ní Àkókò Tí Ó Yẹ

Iṣẹ́ abẹ kì í parí ní ọjọ́ tí a bá rán ojú ọgbẹ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti rí i pé iṣẹ́ abẹ lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, tí ìyá àti ọmọ tuntun padà sílé pẹ̀lú ayọ̀, ṣùgbọ́n tí ó di bí ọjọ́ keje tàbí ọjọ́ kẹwàá, tí ojú ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ó ń gbóná, tí ọyún sì ń jáde láti inú rẹ̀. Ìyá tí ó yẹ kí ó máa tọ́jú ọmọ yóò tún padà sórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Owó tí a ti fi pamọ́ fún ìkómọjáde yóò di owó oògùn. Nígbà mìíràn, àkóràn náà a wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ẹ̀mí a sì bọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan tàbí ẹni méjì. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà rẹ̀ jáde lórí ìdènà irú àkóràn yìí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ó ṣàlàyé pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́, ènìyàn 11 nínú 100 tí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni àkóràn ń bá. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn obìnrin tí ojú ọgbẹ́ wọn ń kẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ lè tó 20 nínú 100, èyí tí í ṣe ẹnì kan nínú márùn-ún.

Síbẹ̀, a lè dènà púpọ̀ nínú àkóràn wọ̀nyí. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ará ìlú mú dání nínú àlàyé yìí kò pọ̀. Ìwọ̀n oògùn apakòkòrò kan ṣoṣo, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí àǹtíbáyótíìkì, bí a bá fún aláìsàn ní àkókò tí ó yẹ kí abẹ tó kan ara rẹ̀, ó wúlò fún ìdènà ju oògùn ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí a lò lẹ́yìn tí iṣẹ́ abẹ ti parí lọ. Aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ sì ní ipa pàtàkì láti kó kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀.

Báwo ni kòkòrò àrùn ṣe ń wọ ojú ọgbẹ́?

Awọ ara ni odi tí ó yí ara wa ká. Lórí awọ yìí, nínú imú, nínú ìfun àti ní ojú ara obìnrin, àìmọye kòkòrò àìfojúrí ni ó ń gbé. Wọn kì í ṣe wá ní ibi níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá dúró sí àyè wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Staphylococcus aureus, tí ó ń gbé lórí awọ àti nínú imú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òmíràn ni Escherichia coli, tí ìfun jẹ́ ilé rẹ̀. Nígbà tí abẹ bá la awọ, odi ti lanu nìyẹn, kòkòrò tí ó wà lóde sì lè wọlé. Bí iṣẹ́ abẹ náà bá kan ìfun tàbí ilé ọmọ, àwọn kòkòrò tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú lè tú sí ibi tí kì í ṣe àyè wọn.

Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ́tótó ilé ìwòsàn nìkan ni ó ń fa àkóràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kòkòrò tí ó ba ojú ọgbẹ́ jẹ́ ni èyí tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ti ń gbé kiri lára láìmọ̀.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nítorí ojú ọgbẹ́ tí ó kẹ̀. Ní ọdún 1867, Joseph Lister, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, kọ̀wé nípa bí òun ṣe ń fi kẹ́míkà tí a ń pè ní carbolic acid pa kòkòrò ojú ọgbẹ́. Ìmọ́tótó yàrá iṣẹ́ abẹ tí a mọ̀ lónìí, láti ọwọ́ fífọ̀ dé orí ohun èlò tí a sè, láti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó ti dàgbà. Oògùn apakòkòrò dé lẹ́yìn náà láti ran ìmọ́tótó lọ́wọ́. Kò dé láti gba ipò rẹ̀.

Kí ni ìdí tí àkókò fi ṣe pàtàkì?

Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oògùn lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ fún aláìsàn ní oògùn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣáájú kí a tó la ara rẹ̀, oògùn náà yóò ti tàn dé awọ àti ẹran ara tí abẹ fẹ́ kàn. Kòkòrò tí ó bá wọlé yóò bá oògùn nílẹ̀, kò sì ní rí àyè fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí wákàtí kọjá kí a tó fún un ní oògùn, kòkòrò yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì àti ẹran ara tí a ti so pọ̀ kì í sì í jẹ́ kí oògùn dé ibẹ̀ bí ó ṣe yẹ. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti dán èyí wò. Ní ọdún 1961, John Burke, oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, fi kòkòrò àrùn sí abẹ́ awọ àwọn ẹranko kékeré bí eku, ó sì fún wọn ní oògùn ní oríṣiríṣi àkókò. Ó rí i pé oògùn tí ó ti wà nínú ara kí kòkòrò tó wọlé ni ó ṣiṣẹ́ jù lọ. Bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá, kò sí ìyàtọ̀ mọ́ láàárín ẹranko tí ó gba oògùn àti èyí tí kò gbà á.

Ní ọdún 1992, David Classen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde, èyí tí wọ́n ṣe lórí aláìsàn 2,847 ní ìlú Salt Lake City ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn tí ó gba oògùn láàárín wákàtí méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ìdá 0.6 péré nínú 100 ni ojú ọgbẹ́ wọn kẹ̀. Nínú àwọn tí ó gbà á lẹ́yìn tí ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta tí a ti la ara wọn, ó jẹ́ ìdá 3.3 nínú 100. Àwọn tí a tètè fún jù, tí ó ti lé ní wákàtí méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kò sàn jù wọ́n lọ: ìdá 3.8 nínú 100 ni tiwọn, nítorí pé agbára oògùn ti ń tán nínú ara kí abẹ tó dé. Gbogbo wọn ni ó gba oògùn. Àkókò ni ó ya ọ̀nà wọn.

Kí ni ìlànà sọ?

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí a fún aláìsàn tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ bá nílò oògùn apakòkòrò ní oògùn náà láàárín wákàtí méjì ṣáájú kí a tó la ara rẹ̀. Oògùn tí agbára rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ara, bí irú cefazolin, ni a máa ń fún un nígbà tí ó bá ku nǹkan bí wákàtí kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ bá gùn ju bí a ṣe rò lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bá dànù, a lè tún un fún. Fún cefazolin, lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ni.

Ní ti iṣẹ́ abẹ ìbímọ, àṣà àtijọ́ ni pé kí dókítà dúró títí tí a ó fi di ìwọ́ ọmọ kí ó tó fún ìyá ní oògùn, nítorí ìbẹ̀rù pé kí oògùn má baà dé ara ọmọ. Ìlànà ti yí padà. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ nísinsìnyí ni pé kí a fún ìyá ní oògùn ṣáájú kí a tó la awọ rẹ̀, nítorí pé èyí ni ó ń dáàbò bo ìyá jù lọ.

Kí a má baà gbàgbé, Àjọ náà tún ṣe ìwé àyẹ̀wò ààbò iṣẹ́ abẹ, tí gbogbo òṣìṣẹ́ inú yàrá náà gbọ́dọ̀ jọ dáhùn kí abẹ tó kan ara. Ọ̀kan nínú ìbéèrè inú rẹ̀ ni bóyá a ti fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò láàárín 60 ìṣẹ́jú tí ó kọjá. Ní ọdún 2009, a gbé àbájáde lílo ìwé yìí jáde láti ilé ìwòsàn ní ìlú mẹ́jọ káàkiri àgbáyé. Àkóràn ojú ọgbẹ́ dínkù láti ìdá 6.2 sí ìdá 3.4 nínú 100, ikú sì dínkù láti ìdá 1.5 sí ìdá 0.8 nínú 100.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ ni ó nílò oògùn yìí. Iṣẹ́ abẹ kékeré lórí awọ tí ó mọ́, bí i ká yọ kókó ọ̀rá tí ó wà lábẹ́ awọ, kò sábà nílò rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ìbímọ, iṣẹ́ abẹ ìfun, àti èyí tí a ti fẹ́ fi irin tàbí ohun àtọwọ́dá mìíràn sínú ara nílò rẹ̀. Bí àkóràn bá sì ti wà nínú ara tẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí ìfun bá ti lu tàbí tí ọyún ti wà nínú ikùn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìdènà, ó ti di ìtọ́jú. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ yóò máa gba oògùn fún ọjọ́ mélòó kan gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ti sọ, kò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tí a kì í fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ lo oògùn ìdènà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí oògùn bá ṣe pọ̀ tó ni ààbò ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí àwọn ẹbí kan fi máa ń bínú bí wọ́n bá rí i pé a kò kọ oògùn apakòkòrò fún aláìsàn wọn láti máa lò nílé. Àwọn oníṣègùn pàápàá kò bọ́ nínú àṣà yìí: àwọn ìwádìí tí a ti ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà fihàn pé lọ́pọ̀ ìgbà ni oògùn ìdènà ń kọjá ọjọ́ kan.

Ẹ̀rí kò ti àṣà yìí lẹ́yìn. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kó ìdánwò 52 jọ, tí ènìyàn tí ó lé ní 19,000 kópa nínú wọn, láti fi wé àwọn tí a dá oògùn wọn dúró nígbà tí iṣẹ́ abẹ parí àti àwọn tí a ń fún lọ. Wọn kò rí ẹ̀rí tí ó dájú pé fífún wọn lọ dín àkóràn kù, pàápàá níbi tí a bá ti tẹ̀ lé ìlànà ìdènà yòókù. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí a má ṣe fa oògùn ìdènà gùn lẹ́yìn tí iṣẹ́ abẹ bá ti parí. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a fi rọ́bà tí ń fa omi ara sí ojú ọgbẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìdí láti fà á gùn.

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Oògùn apakòkòrò tí a lò láìnídìí lè fa ìgbẹ́ gbuuru, ó lè pa kíndìnrín lára, ó sì ń gba owó tí a bá fi ra oúnjẹ aṣaralóore fún aláìsàn. Èyí tí ó burú jù ni pé ó ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí oògùn. Kòkòrò aláìlágbára yóò kú, èyí tí ó le yóò ṣẹ́kù, yóò sì máa bí irú tirẹ̀. Ní ọdún 2019, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde, ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 ni ó kú ní gbogbo àgbáyé nítorí kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́. Ẹkùn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí a wà yìí ni ó sì fi ara gbá a jù lọ: ikú 27.3 nínú ènìyàn 100,000. Oògùn tí a ń ṣòfò lónìí ni èyí tí a ó wá tì ní ọ̀la nígbà tí àkóràn gidi bá dé.

Ojúṣe ẹbí: kí oògùn ti wà nílẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹbí aláìsàn ni a máa ń fún ní ìwé kí wọ́n lọ ra oògùn àti ohun èlò iṣẹ́ abẹ wá. Níbí gan-an ni àkókò ti máa ń bọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Bí a bá ń wá owó kiri, tàbí tí ilé oògùn ti tì ní òru, iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì kò lè dúró. Oògùn yóò wá dé lẹ́yìn tí a ti rán ojú ọgbẹ́ tán, nígbà tí àǹfààní tí ó tóbi jù ti kọjá.

Nítorí náà, bí iṣẹ́ abẹ bá ti ní ọjọ́, ẹ béèrè orúkọ oògùn náà lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ sì rà á kí ọjọ́ náà tó pé. Aboyún tí dókítà ti sọ fún pé ó ṣeé ṣe kí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ lè béèrè nígbà tí ó bá lọ fún ìtọ́jú oyún bóyá ó yẹ kí oògùn náà wà lára ẹrù ìbímọ rẹ̀, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ilé oògùn tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á. Kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nílé fúnra yín.

Kí aláìsàn tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó yẹ kí òun tàbí ẹbí rẹ̀ sọ nǹkan wọ̀nyí fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì:

- Oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà rí, pàápàá penicillin, àti ohun tí ó ṣe é: ṣé ara yíyún ni, ṣé ojú wíwú ni, tàbí èémí tí kò já geere.
- Gbogbo oògùn apakòkòrò tí ó ti lò láìpẹ́, yálà dókítà ni ó kọ ọ́ tàbí ó rà á fúnra rẹ̀, àti àgbo tí ó ń mu.
- Bí ó bá ní àrùn àtọ̀gbẹ, nítorí pé ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè jinná.
- Bí ó bá ń mu sìgá. Ẹni tí ó bá lè fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú iṣẹ́ abẹ yóò dín ewu kù.

Kò sì sí àrífín nínú kí a béèrè pé: “Ẹ jọ̀wọ́, Dókítà, ṣé iṣẹ́ abẹ yìí nílò oògùn apakòkòrò? Nígbà wo ni ẹ ó fún wa?” Ìbéèrè tí a fi ọ̀wọ̀ béèrè lè rán òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ pọ̀ fún létí.

Oògùn nìkan kò tó

Kí aláìsàn wẹ̀ dáadáa kí ó tó lọ fún iṣẹ́ abẹ; ọṣẹ tí a ń lò lójoojúmọ́ tó. Kí ó má ṣe fi abẹ ìfárí fá irun ibi tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sí. Abẹ náà máa ń ṣá awọ ní ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, ibẹ̀ sì ni kòkòrò yóò fi ṣe ilé. Bí irun bá ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi ẹ̀rọ gé e mọ́lẹ̀. Wọn yóò tún fi oògùn olómi tí ó ní chlorhexidine àti ọtí líle nínú nu awọ.

Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 tún fi ohun tí ó rọrùn kan hàn wá. Ilé ìwòsàn 81 ní orílẹ̀-èdè méje ni a ti ṣe é, Nàìjíríà àti Benin sì wà lára wọn. Aláìsàn 13,301 tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún ni ó kàn. Níbi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti ohun èlò wọn kí wọ́n tó rán ikùn pọ̀, àkóràn jẹ́ ìdá 16.0 nínú 100. Níbi tí a kò ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó jẹ́ ìdá 18.9. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: oògùn, ọṣẹ, ìbọ̀wọ́ àti ìfarabalẹ̀ ni ó jọ ń dáàbò bo aláìsàn.

Lẹ́yìn tí a bá ti padà sílé

Ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ mọ́, kí ó sì gbẹ, bí nọ́ọ̀sì bá ti ṣàlàyé. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fi kàn án. Ẹ má ṣe já kóró oògùn apakòkòrò kí ẹ da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́. Kò sí ìlànà ìṣègùn tí ó fi ọwọ́ sí èyí, ó sì lè mú kí ojú ọgbẹ́ bàjẹ́ sí i. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń tọ́jú ọlọ́mọ tuntun, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín: bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni a fi gbẹ̀bí rẹ̀, ẹ má ṣe fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ẹ má sì fi àgbo tàbí epo pa á.

Ẹ padà sí ilé ìwòsàn ní kíákíá bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí láàárín 90 ọjọ́ bí a bá fi irin tàbí ohun àtọwọ́dá mìíràn sínú ara:

- ìrora tí ó ń le sí i dípò kí ó máa dínkù;
- ojú ọgbẹ́ tí ó wú, tí ó gbóná tàbí tí ó le gbandi;
- awọ tí ó pọ́n yí ojú ọgbẹ́ ká, tàbí, fún ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú, tí ó ṣú jù bí ó ṣe wà lọ, tí ó sì ń dán;
- ọyún tàbí omi tí ó ń rùn;
- ojú ọgbẹ́ tí ó là sílẹ̀;
- ibà tàbí òtútù tí ń mú ara gbọ̀n.

Ẹ má ṣe kọ́kọ́ gba ilé oògùn lọ láti ra oògùn apakòkòrò tí ẹnikẹ́ni bá júwe. Dókítà lè nílò láti ṣí ojú ọgbẹ́ kí ọyún jáde, kí ó sì gba díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó lè mọ oògùn tí kòkòrò náà yóò gbọ́. Oògùn tí a ti lò láìmọ̀dí lè bo àyẹ̀wò yìí mọ́lẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí àkóràn rí àyè jinlẹ̀ sí i.

A rọ gbogbo ẹni tí iṣẹ́ abẹ bá kàn, àti ẹbí wọn, láti ka àlàyé yìí fún ara wọn nílé kí ọjọ́ náà tó dé. Ìwọ̀n oògùn kan ní àkókò tí ó yẹ kéré lójú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti ọjọ́ méjì lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Kí a wá a sílẹ̀, kí a lò ó ní àkókò, kí a sì dá a dúró nígbà tí ó bá tó.